Eyín kọ́ o: ìgbẹ́ gbuuru tó bá ọmọ ní wọ́ọ̀dù

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, màmá. Ẹ ní òtútù àyà lẹ tìtorí ẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù, ara rẹ̀ ti ń yá, àfi bó ṣe di ọjọ́ kẹta tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Nọ́ọ̀sì ní eyín ló ń hù. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eyín yìí ló bí mi nínú. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn. Eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru! Tí ọmọ bá ti lo wákàtí 48 ní ọsibítù kó tó bẹ̀rẹ̀, àwọn dókítà fúnra wọn máa ń kà á sí pé ibẹ̀ ló ti kó o. Rotavirus àti norovirus, àwọn kòkòrò àrùn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì, ló sábà máa ń wà nídìí ẹ̀. Àǹtíbáyótíìkì náà lè da inú ọmọ rú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ wo bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ná.

Ọmọ tó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ tiwa ti ń yàgbẹ́ gbuuru ṣáájú. Ojú mi ló ṣe: ẹni tó pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀ di irin bẹ́ẹ̀dì mú, ó gbé fáìlì, ó tẹ sánítáísà díẹ̀ sọ́wọ́, ó sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ ọmọ mi ṣe. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni tiwa bẹ̀rẹ̀, lóru. Mo ń lọ, mo ń bọ̀ nídìí tábìlì wọn. “Ẹ ní sùúrù, dókítà ń bọ̀.” Àwùjẹ̀ ọmọ ti jìn wọnú, ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó ń sunkún, omijé ò jáde. Dókítà dé, fáìlì ló ń kà, kò fọwọ́ kan ọmọ. Ìgbà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, tí kò lè gbójú sókè mọ́, ni wọ́n tó sáré fa omi sí i lára. Ó ń dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi sánítáísà nìkan fọwọ́ kan ọmọ yín. Kì í pa norovirus dáadáa. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni. Ẹ̀yin náà, àti gbogbo ẹni tó bá wá kí yín. Rotavirus lè wà láàyè fún ọjọ́ mélòó kan lára irin, tábìlì àti nǹkan ìṣeré, torí náà ẹ ní kí wọ́n fi omi klórínì nù ún. Tí wọ́n bá fajú ro, kí wọ́n máa fà á lọ.

ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà tó ń dá omi ara ọmọ padà, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń pò ó. Ṣíbí kékeré, díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ ń bì. Ẹ má dá ọmú dúró. Ẹ béèrè zinc, oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, lọ́wọ́ wọn. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fún un ní loperamide kí ìgbẹ́ lè dá, ẹ má gbà. Kì í ṣe oògùn ọmọdé.

Ẹ béèrè nípa gbígbé e kúrò. Ẹ má gbé e sá, òtútù àyà yẹn ò tíì tán lára rẹ̀. Yàrá ọ̀tọ̀ ni kí ẹ bèèrè fún, kẹ́ ẹ sì bi dókítà bóyá ó lè máa lo ìyókù oògùn nílé. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má dẹwọ́ ọṣẹ, torí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣì lè kó ran ẹlòmíì lẹ́yìn tó bá ti dá. Tí ọmọ jòjòló bá sì wà nílé, ẹ bi wọ́n nípa àjẹsára rotavirus. Láti ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.