Ẹlẹ́dẹ̀ sísun àti mie ní Medan: níbo, nígbà wo, kí la sì máa béèrè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́rin là ń lọ sí ìpàdé ní Universitas Sumatera Utara ní ìlú Medan, lórílẹ̀-èdè Indonéṣíà, ọjọ́ márùn-ún la ó sì lò. Àwa mẹ́ta fẹ́ràn ẹran ẹlẹ́dẹ̀, a sì gbọ́ pé mie wọn, ìyẹn núdù, kò lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni ẹnì kẹrin wa, kò sì fẹ́ ṣèèṣì jẹ ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ̀. Níbo ni ká ti jẹun, báwo la ó sì ṣe mọ ohun tó wà nínú abọ́?

Ìdáhùn: Ẹ ò ní rìn jìnnà. Àdúgbò Padang Bulan ni yunifásítì yẹn wà, títì Jalan Jamin Ginting tó gba ibẹ̀ kọjá ló sì gòkè lọ sí ìlú Berastagi, nílẹ̀ ẹ̀yà Karo. Àwọn Karo pọ̀ ní àdúgbò náà, Kìrìsìtẹ́nì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọn kì í sì í fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ṣeré. Bí ẹ bá ń lọ lẹ́bàá títì, ẹ máa rí pátákó tí wọ́n kọ BPK sí gàdàgbà. Babi panggang Karo ni, ìyẹn ẹlẹ́dẹ̀ sísun ti Karo. Ẹ má wulẹ̀ máa wá búkà olórúkọ kiri. Èyí tí èédú rẹ̀ ń jó níta, tí èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀, ni kẹ́ ẹ yà sí.

Ẹran tó ní ọ̀rá lára ni wọ́n máa ń sun, títí awọ á fi gbẹ tí á máa ró lẹ́nu. Ìgbà tẹ́ ẹ bá dé ni wọ́n tó máa gé e wẹ́wẹ́ lórí pákó. Wọ́n á gbé e wá pẹ̀lú ìrẹsì, omi ọbẹ̀ eegun nínú abọ́ kékeré, àti ewé ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gún kí wọ́n tó sè é. Ewé tí àwa ń já fún ewúrẹ́ nílé nìyẹn, àmọ́ ẹ tọ́ ọ wò, ó dùn gan-an.

Ata wọn ni kẹ́ ẹ mọ̀ sílẹ̀. Èso wóróbo kan tó ń jẹ́ andaliman ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ ọn, ìbátan igi orin àtà sì ni. Ìdí nìyẹn tí ahọ́n fi ń kú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ orin àtà tán. Kì í jó ni bíi ti ata rodo, ńṣe ni ètè àti ahọ́n á máa ṣe tìrìrì, òórùn bí ọsàn wẹ́wẹ́ á sì gba imú. Kò léwu, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fi ń kọjá. Ẹ fi orí ṣíbí tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó da gbogbo rẹ̀ sórí ìrẹsì.

Ọbẹ̀ dúdú tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran kì í ṣe omi sóyà. Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èròjà sè ni, gota lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Kìrìsìtẹ́nì wa tó ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ni kì í fẹnu kan ẹ̀jẹ̀. Bẹ́ ẹ bá wà nínú wọn, ẹ sọ “tanpa darah”, láìsí ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n tó bu oúnjẹ, torí àwọn búkà kan máa ń dà á sórí ẹran tààrà.

Aago mọ́kànlá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹran tó bá kù di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tún gbé e padà sórí iná ni. Ọ̀rá rẹ̀ á ti ro tán, awọ á sì le bíi bàtà. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ná.

Àwọn ẹ̀yà Batak Toba náà ní búkà tiwọn, lapo ni wọ́n ń pè é. Ẹmu wà níbẹ̀, tuak lorúkọ tí wọ́n ń pè é, ara ọ̀pẹ aren ni wọ́n ti ń dá a. Oúnjẹ tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni saksang, ẹran tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi èròjà sè gbẹ. Oríṣi méjì ló wà: margota ní ẹ̀jẹ̀ nínú, na so margota kò ní. Ohun kan wà níbí tó yẹ kẹ́ ẹ há sórí. Bẹ́ ẹ bá rí B2 lára ògiri tàbí nínú ìwé oúnjẹ, ẹlẹ́dẹ̀ ni, torí “b” méjì ló wà nínú “babi”. B1 ni ajá, nítorí “biang”, tó jẹ́ ajá lédè Batak, “b” kan ṣoṣo ló ní. Wọ́n lè fi ajá náà se saksang. Nítorí náà, ẹ má kàn sọ pé “saksang” kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ ní “B2”.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí mie. Àwa tá a mọ Indomie dáadáa, ilẹ̀ Indonéṣíà náà ló ti wá. Ọdún 1988 ló wọ Nàìjíríà, ọdún 1995 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Ọ̀tà. Bẹ́ ẹ bá jókòó sí ilé kọfí kékeré ní Medan, tẹ́ ẹ kàn ní kí wọ́n fún yín ní mie goreng, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Indomie inú ọ̀rá yẹn gan-an ni wọ́n máa dín fún yín. Mie tútù, èyí tí wọ́n fi fúláwà pò, ọwọ́ àwọn Ṣáínà ìlú náà ni kẹ́ ẹ ti wá a. Jalan Selat Panjang láàárín ìlú ni ojúbọ rẹ̀. Jalan Semarang náà dára, ṣùgbọ́n alẹ́ ni ti ibẹ̀: tábìlì á tò sí ojú títì, iná agbada á máa jó fòò.

Ẹ béèrè mie pangsit. Mie tín-ín-rín ni, pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ lílọ̀, ẹran sísun pupa tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, àti pangsit, ìyẹn fúláwà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi wé ẹran. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń pò ó, òun ló ń jẹ́ kí mie náà máa dán tí kì í sì í lẹ̀ mọ́ra. Ẹ sọ pé “kering”, kí omi ọbẹ̀ wà lọ́tọ̀, torí mie tó bá pẹ́ nínú omi gbígbóná á wú, á sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, “bungkus, kuah dipisah” ni kẹ́ ẹ sọ: wé e fún wa, ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀. Kwetiau goreng ní tirẹ̀, ìyẹ̀fun ìrẹsì ni, ó fẹ̀ bí ìgbànú, wọ́n á fi edé, ẹyin pẹ́pẹ́yẹ àti èhù ẹ̀wà dín in. Ojú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ ẹ́, torí tó bá tutù, á dì mọ́ra.

Ní ti ọ̀rẹ́ yín, orúkọ oúnjẹ kò tó fi ṣe ẹ̀rí. “Bak” inú bakmi, ìyẹn mie ẹlẹ́ran, ẹran ni lédè Hokkien, èdè Ṣáínà kan, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń ní lọ́kàn. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ bakmi òde òní jẹ́ ti adìyẹ, bakso, ẹran lílọ̀ tí wọ́n ká roboto, sì sábà máa ń jẹ́ ti màlúù. Ibi tó léwu ni kwetiau sapi, ti màlúù, ní ilé oúnjẹ tí wọ́n tún ti ń se ẹlẹ́dẹ̀: agbada kan náà ni, ọ̀rá kan náà sì lè ni. Mie gomak, mie àwọn Batak, tí wọ́n ń tà ní lapo náà kò dára fún un, bí kò tilẹ̀ ní ẹran nínú, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se ẹlẹ́dẹ̀. Kó wo àmì halal aláwọ̀ àlùkò tí ìjọba gbé jáde lọ́dún 2022, kó sì béèrè pé: “Ada babi? Pakai minyak babi?” Ṣé ẹlẹ́dẹ̀ wà ńbẹ̀, ṣé òróró ẹlẹ́dẹ̀ lẹ fi sè é? Àwọn olóúnjẹ Medan kì í bínú sí ìbéèrè yẹn.

Mùsùlùmí ló pọ̀ jù nílùú náà, ebi ò ní pa á. Ibi tí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti lè jókòó sídìí tábìlì kan ni ilé mie Aceh, mie àwọn ará Aceh, ìpínlẹ̀ Mùsùlùmí kan ní Sumatera. Titi Bobrok ní Jalan Setia Budi gbajúmọ̀ fún un. Mie tó nípọn ni, wọ́n á fi kọ́rì gbígbóná àti ẹran màlúù tàbí akàn sè é. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbé ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́ ẹ wé wọ ibẹ̀, kódà kó wà nínú báàgì. Wọ́n á ní láti fọ gbogbo ohun tó bá kàn.

Ẹ má jẹ ẹ̀dọ̀ tàbí ìfun ẹlẹ́dẹ̀ tí kò jinná, ibẹ̀ ni aràn ń gbà wọ ara èèyàn, pàápàá bẹ́ ẹ bá dé erékùṣù Samosir lórí adágún Toba. Kí owó kéékèèké wà lọ́wọ́ yín: ọ̀pọ̀ búkà ló ń gba QRIS, àmì tí wọ́n ń fi fóònù yà láti sanwó, ṣùgbọ́n báńkì ibẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún jù, ẹni tó bá sì na owó 100,000 rupiah sí ẹni tó ń ta mie ní aago méje òwúrọ̀ á dúró de ṣéńjì.