Ìgbà ò lọ bí òréré: ṣé òpin ayé ni òwe yìí ń sọ?

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ mi nìyí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé òótọ́ ni pé òwe 'Ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn' fi hàn pé àwọn bàbá wa mọ̀ pé àgbáńlá ayé lópin? Kí sì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fúnra wọn rí sí i?" Ẹni tó béèrè ní orí rédíò lòun ti gbọ́ àlàyé náà níbí ní Òṣogbo, lẹ́nu ọ̀gbẹ́ni kan tó ń túmọ̀ òwe fún aráyé.

Èmi náà gbọ́ ọ, inú sì bí mi. Ọ̀gbẹ́ni náà ní "ò lọ bí òréré" já sí pé ìgbà máa tán pátápátá, pé ọ̀pá ìbọn tí wọ́n dárúkọ jẹ́ àmì ogun ìkẹyìn tó máa pa ayé rẹ́. Kí n tó pa rédíò, ẹlòmíì ti pè wọ́n lórí fóònù. Tiẹ̀ tún burú jù. Ó ní ohun tí òwe náà ń wí ni pé ojú ọ̀run tẹ̀, pé àwọn bàbá wa ti mọ ohun tí Einstein, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ní ohun tó wúwo ń mú kí ojú ọ̀run tẹ̀, sọ kí wọ́n tó bí Einstein. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí ara wọn kú làákàyè. Háà! Bóyá ni ẹnìkan nínú wọn ti fojú kan ọ̀pá ìbọn rí.

Ọ̀pá ìbọn yẹn gan-an ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, bàbá mi àgbà a sì máa rán mi lọ sí àgbẹ̀dẹ tí ìbọn wọn bá wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ṣakabùlà mọ̀ pé ẹnu ni wọ́n ti ń kì í. Ẹ̀tù á wọlé, ọta á tẹ̀lé e. Ìdí rẹ̀ dí pa, àfi ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí iná ń gbà wọlé. Torí náà, ìgbà kan ṣoṣo lèèyàn lè rí inú ọ̀pá náà látòkè délẹ̀, ìyẹn kí alágbẹ̀dẹ tó dí ìdí rẹ̀. Á gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, á di ojú kan, á fi ìkejì yọ́jú wò ó. Kò ní sọ̀rọ̀. Á máa yí i díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́. Bí òjìji inú rẹ̀ bá wọ́ sápá kan, ó ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló ti tẹ̀. Á dá a padà sínú iná, á fi ọmọ owú bá a wí, á tún gbé e wò. Lọ́jọ́ kan ó ní kí n wá wò ó. Mo rí òkùnkùn, mo rí ìmọ́lẹ̀ róbótó níwájú òkùnkùn náà. "Ṣé ó tọ́?" lohun tó bi mí. Kò bi mí pé ṣé ó gùn.

Ẹ wá fi làákàyè wò ó. Ọ̀pá ìbọn lẹ́nu, ó nídìí. Ọmọdé lè fi ọwọ́ kan ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó tún fi ọwọ́ kan òpin rẹ̀. Ta ni orí rẹ̀ pé tó máa fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe àpèjúwe ohun tí kò lópin, kó wá ní ayé ò rí bíi tiẹ̀ torí pé ayé lópin? Ká ní òpin làwọn àgbà ń wá nínú òwe yẹn, òkun ni wọn ì bá dárúkọ. Títọ́ ìbọn ni wọ́n ń wò. Ayé kì í tọ́ gbọnrangandan: á lọ, á wọ́, á ṣẹ́rí padà. Ẹni tó gun ẹṣin lónìí lè máa gé koríko fún ẹṣin ẹlòmíì lọ́dún tó ń bọ̀. Ohun tí òwe náà wí nìyẹn, kò fi ohunkóhun kún un.

Èrò tèmi, tí mo sì dì mú ṣinṣin, ni pé ẹnu àwọn jagunjagun lòwe yìí ti wá. Ta tún ni ìbọn máa wá sí lọ́kàn nígbà tó bá ń ronú nípa ayé? Ẹ rántí ogun Òṣogbo ọdún 1840. Àwọn ọmọ ogun Ìlọrin ti ń ṣẹ́gun bọ̀ láti òkè, ìlú ń fọ́ níwájú wọn, ó jọ pé kò sẹ́ni tó máa dá wọn dúró títí wọn á fi dé etí òkun. Wọ́n dó ti ìlú wa. Ìbàdàn dé, wọ́n sì fọ́ àgọ́ náà. Ẹni tó ti rí ìyẹn, tó rí bí ìgbà àwọn kan ṣe wọ́ lójú ara rẹ̀, òun lẹnu rẹ̀ gbà á láti sọ pé ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ìgbà inú òwe náà, ìgbà èèyàn ni, bí ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: "Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn." Ìgbà ńlá tó gba gbogbo ìràwọ̀ mọ́ra kọ́ ni wọ́n ń wí.

Òréré ńkọ́? Mo bi ọmọ ọmọ mi kan tó ń lọ yunifásítì pé kí ni òréré, ó ní ó jọ pé ìlú kan ni. Mi ò bá a wí, àwọn òbí rẹ̀ ni mo bá wí. Òréré ni ọ̀nà gbọọrọ tó là sílẹ̀ níwájú ẹni, tí ojú ń bá lọ láìsí ohun tó dí i. Ilé ti bo gbogbo rẹ̀ tán ní ìgboro. Ẹni tó bá fẹ́ rí òréré ní Òṣogbo báyìí, kó lọ sójú irin rélùwéè, níbi tó bá ti tọ́, kó sì wo iwájú. Irin méjèèjì á máa sún mọ́ra títí wọn á fi jọ pàdé. Kó wá rìn débẹ̀: kò ní bá ibi tí wọ́n ti pàdé. Ojú rẹ̀ ló pin síbẹ̀, irin ò pin.

Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ó máa wúlò níbi tí mo ń lọ báyìí. Ìbéèrè gidi ni apá kejì ohun tí wọ́n bi mí, kò sì yẹ ká fi òwe bò ó mọ́lẹ̀.

Lọ́dún 1929, Edwin Hubble, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ (galaxy) tó jìnnà ń sún kúrò lọ́dọ̀ wa, pé èyí tó jìnnà jù ló ń yára jù. Georges Lemaître, fádà ìjọ Kátólíìkì kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, ti ṣírò irú rẹ̀ lọ́dún 1927. Bí ohun gbogbo bá ń jìnnà síra, a jẹ́ pé wọ́n ti fìgbà kan wà mọ́ra tímọ́tímọ́. Nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 13.8 sẹ́yìn ni ìṣirò àwọn onímọ̀ òde òní gbé e sí. Ẹ̀rí tó pa àríyànjiyàn lẹ́nu mọ́ wá láti ọwọ́ àwọn méjì tí wọn ò tiẹ̀ wá a. Ẹ̀rọ ńlá kan tó ń gba ìgbì rédíò ni Arno Penzias àti Robert Wilson ń lò ní New Jersey, ariwo kan sì ń yọ wọ́n lẹ́nu tí kì í lọ, ibi yòówù kí wọ́n kọjú ẹ̀rọ náà sí. Ẹyẹlé ti kọ́ ìtẹ́ sínú rẹ̀. Wọ́n lé ẹyẹlé, wọ́n fọ ìgbẹ́ rẹ̀ dànù, ariwo ò lọ. Lọ́dún 1965 ni wọ́n kéde rẹ̀ fáyé: ìmọ́lẹ̀ ooru àkọ́kọ́ ni, tó ṣẹ́ kù láti ìgbà tí ohun gbogbo ṣì wà mọ́ra, tó ti rìn títí tó fi tutù di ìgbì rédíò.

Ìmọ́lẹ̀ àtijọ́ yìí kan náà ni wọ́n fi wo bóyá àlàfo, ìyẹn àyè ojú ọ̀run tí gbogbo ìràwọ̀ wà nínú rẹ̀, tọ́ tàbí ó tẹ̀. Sátẹ́láìtì Planck tí ilẹ̀ Yúróòpù fi ránṣẹ́ sójú ọ̀run lọ́dún 2009 ya àwòrán rẹ̀ fínnífínní; ibì kan gbóná díẹ̀, ibì kan tutù díẹ̀. Wọ́n ti ṣírò bó ṣe yẹ kí àwọn àmì náà tóbi tó. Bí àlàfo bá tẹ̀ síhìn-ín, àwọn àmì náà á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lójú wa. Bó bá tẹ̀ sọ́hùn-ún, wọn á kéré. Wọn ò fẹ̀ jù, wọn ò kéré jù. Débi tí ìdíwọ̀n ẹ̀dá dé, àlàfo tọ́. Òótọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ ń tẹ̀ díẹ̀ bó bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá, wọ́n rí i nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lọ́dún 1919, ṣùgbọ́n ìtòsí oòrùn nìyẹn. Àpapọ̀ rẹ̀ là ń wí.

Ẹ̀yin ọmọ Einstein, ẹ wá wo ibi tẹ́ ẹ bá ara yín. Àgbáńlá ayé tẹ́ ẹ ní àwọn bàbá yín sọ pé kò tọ́ bí ọ̀pá ìbọn, ọ̀pá ìbọn gan-an ló jọ. Bí òwe náà bá jẹ́ sáyẹ́ǹsì bẹ́ ẹ ṣe fẹ́, irọ́ ló pa nìyẹn. Ẹ fẹ́ bọlá fún àwọn àgbà, ẹ sọ wọ́n di onírọ́.

Ṣé àgbáńlá ayé wá létí níbì kan? Ibi tójú wa mọ létí, ìyẹn dájú. Ìmọ́lẹ̀ ń sáré nǹkan bíi kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ ọdún bílíọ̀nù 13.8 péré ló tíì rí rìn. Bó sì ṣe ń bọ̀ ni àlàfo ń fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí ìyẹn, ibi tó jìnnà jù tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa ti sún jìnnà báyìí, tó jẹ́ pé tí àlàfo bá dúró sójú kan, ìmọ́lẹ̀ máa lo nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 46 kó tó débẹ̀. Òréré tiwa nìyẹn. Kò sí ẹni tó rí ògiri níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ó lè máa lọ láìdúró. Ó sì lè níwọ̀n kó má létí, bí ojú ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ yìí: ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìwó jáde ní Òṣogbo, tó kọjú síwọ̀ oòrùn láìyà, tó la òkun já, apá ọ̀nà Iléṣà ló máa gbà wọlé, kò sì ní kan etí ibì kankan lọ́nà. Ìwọ̀n tí wọ́n ti ṣe ò tíì yan ọ̀kan nínú méjèèjì.

Ní ti àkókò, wọ́n lè tọ́ka sí ìbẹ̀rẹ̀ fífẹ̀ náà. Ohun tó wà ṣáájú rẹ̀ kò sí ẹni tó tíì rí i wọ̀n. Òpin ńkọ́? Ọ̀nà méjì ni wọ́n ti ń rò ó tẹ́lẹ̀, bóyá ó máa padà wó lura, bóyá ó máa lọ jẹ́jẹ́. Lọ́dún 1998, ikọ̀ méjì tó ń wo àwọn ìràwọ̀ tó bú gbàmù bá a pé fífẹ̀ náà ń yára sí i ni. Saul Perlmutter, Brian Schmidt àti Adam Riess gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀ lọ́dún 2011. Dark energy ni wọ́n ń pe ohun tó ń tì í. Bó bá ń tì í lọ bẹ́ẹ̀, àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà á wọ̀ kúrò lójú ara wọn, ìràwọ̀ á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan, ibi gbogbo á ṣú, á tutù. Oòrùn tiwa ṣì ní nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 5 nílẹ̀, kẹ́ni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ má dúró. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2024 àti 2025, àwọn tó ń lo DESI, ẹ̀rọ kan ní Arizona ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń wọn bí àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ ṣe jìnnà tó, sọ pé ó jọ pé agbára tó ń tì í náà ń rẹ̀, pé kò rí bákan náà látayébáyé. Kò tíì dájú, àríyànjiyàn ṣì wà lórí rẹ̀. Bó bá já sí òótọ́, ibẹ̀ nìkan ni mo lè gbà kí ẹnìkan fi òwe wa ṣẹ̀fẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àgbẹ̀dẹ tí mo wí lẹ́ẹ̀kan ti di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, àwọn ọmọ tó sì ń tún fóònù ṣe níbẹ̀ ń fi ìdajì òwe náà sórí státọ́ọ̀sì wọn pẹ̀lú àwòrán mọ́tò. Ìdajì! Ẹni tó bá máa pa á, kó pa á délẹ̀, kó sì mọ ẹni tó ń pa á fún. Agbéraga la fi ń kìlọ̀ fún, ẹni tíyà ń jẹ la fi ń tù nínú. A kì í pa á fún ìyàwó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, bí alága ìjókòó kan ṣe ṣe níṣojú mi; bíi pé èèyàn ń ṣépè fún un ni. Bó bá jẹ́ pé àgbà lẹ máa pa á fún, ẹ kọ́kọ́ tọrọ gáfárà: tótó, ó ṣe bí òwe.

Wọ́n tún bi mí bóyá "Ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan" ni òwe òpin ayé. Rárá o. Ẹni tó ń gbé ìyọnu gbogbo ìlú rù lóun nìkan la fi ń dá lóhùn. Bí owó epo bá tún fò sókè lọ́la, òwe tẹ́ ẹ máa pa nìyẹn, ẹ fi ti òréré sílẹ̀.