Èsì: Katy tàbí Alief, fún ẹni tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Houston

Ẹ kú ìmúra o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní Texas Medical Center, ọgbà àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Houston, niṣẹ́ yín wà, ẹ sì ń bèèrè bóyá Katy, ìlú kan níwọ̀-oòrùn Houston, ló dára jù láti gbé, tàbí Alief, àdúgbò kan ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Houston. Ní tèmi, ẹ fi Katy sílẹ̀ ná. Ilé tuntun pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà márosẹ̀ I-10 láàárọ̀, háà! Ní Alief àti òpópónà Bissonnet, ẹ ò ní wá iṣu àti èlùbọ́ tì. Àmọ́ bí ẹ kò bá tíì ní mọ́tò, ẹ wá ilé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin Red Line. Ó gba inú Medical Center kọjá.

Omíyalé gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nígbà ìjì Harvey lọ́dún 2017, àtolówó àti mẹ̀kúnnù lomi lé jáde. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé ilé, ẹ wo àdírẹ́sì rẹ̀ lórí máàpù omíyalé FEMA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àjálù, kí ẹ sì bi àwọn aládùúgbò bóyá omi wọlé lọ́dún náà. Ìnṣọ́ránsì ilé lásán kì í sábà san owó omíyalé. Ọ̀tọ̀ lẹ ó ra tìyẹn.

Ìpínlẹ̀ Texas kì í gba owó orí lórí owó oṣù, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ilé, owó orí ilé ibẹ̀ wúwo.