Ó ní Fair Trade lòun ń ṣe, àmọ́ àwìn ló fẹ́

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Igbá ni bàbá mi ń fín ní Ọ̀yọ́, èmi ni mo máa ń bá àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Obìnrin kan láti Èkó fẹ́ ká fín igbá 60 tóun máa kó lọ sílẹ̀ òkèèrè. Ó ní Fair Trade, ìyẹn òwò tí kì í rẹ́ oníṣẹ́ jẹ, lòun ń ṣe, pé òun ò ní rẹ́ wa jẹ, àmọ́ ìgbà tọ́jà bá tà lóun máa sanwó. Bàbá ní ká gbà, torí iṣẹ́ ò pọ̀ nílẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀.
Ọmọ Afíngbá, Ọ̀yọ́

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ẹ má tíì gbà. Àwọn tó ń ṣe Fair Trade lóòótọ́ ní òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn tó kárí ayé, World Fair Trade Organization, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1989, ní ìlànà mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni pé ẹni tó ń ra iṣẹ́ ọwọ́ gbọ́dọ̀ san ìdajì owó sílẹ̀, ó kéré tán, bí oníṣẹ́ bá béèrè, láìgba èlé. Bí oníbàárà bá sì fagi lé iṣẹ́ láàárín láìjẹ́ ẹ̀bi oníṣẹ́, owó èyí tó ti ṣe kò gbọdọ̀ gbé. Bí obìnrin yẹn bá ní ọmọ ẹgbẹ́ lòun, kó fi ìwé hàn yín; orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Wo ohun tó wà lọ́rùn bàbá rẹ. Wọ́n á ra igbá, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi títí inú á fi rà, wọ́n á ha á, wọ́n á sá a sóòrùn, kí ọ̀bẹ tó kàn án rárá. Èyí tó bá là, àdánù tiwọn ni. Tí wọ́n bá fi owó ara wọn ṣe 60, àwọn gan-an ló ń yá ará Èkó lówó yẹn! Ó ń dùn mí púpọ̀ pé àwọn afíngbá wa kì í ka ọjọ́ tí wọ́n fi jókòó. Owó igbá àti owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń rò. Jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fín ẹyọ kan, kí o kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀, kí o sì fi owó tí lébìrà ń gbà lójúmọ́ ní Ọ̀yọ́ ṣírò ẹ̀. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó ju ti lébìrà lọ.

Èmi náà ń ra igbá fínfín àti iṣẹ́ awọ tà. Ìdajì ni mo máa ń san kí wọ́n tó mú ọ̀bẹ, iyókù lọ́jọ́ tí mo bá wá kó o, mo sì ń jèrè.

Tó bá ní owó òun ò tó, ẹ fín mẹ́wàá fún un lówó ọwọ́, kó lọ tà á ná. Ẹ kọ ọ́ síwèé: iye igbá, bó ṣe tóbi tó, ọjọ́ tí yóò wá kó o, àti ẹni tó ni èyí tó bá fọ́ lọ́nà. Má bá bàbá jiyàn níwájú àlejò o. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni kí o kúnlẹ̀ ṣàlàyé fún wọn, kí àwọn fúnra wọn sọ ọ́ fún obìnrin náà.