Èsì: Ṣé E250 inú ẹran náà ni ti ilé iṣẹ́?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ rí E250 lára páálí sọ́séèjì, ẹ wá gbọ́ pé àwọn tó ń ṣe aró náà ń lò ó, ẹ̀rù sì bà yín. Òun náà ni: sodium nitrite, irú iyọ̀ kan tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran kó má bàa bàjẹ́, ni wọ́n ń pè ní E250. Àmọ́ ti oúnjẹ gbọ́dọ̀ mọ́ gaara, ìwọ̀nba bíńtín ni wọ́n sì ń fi sí i.

Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ẹran kì í ṣe kékeré. Kì í jẹ́ kí Clostridium botulinum ráyè, kòkòrò àìfojúrí tí oró rẹ̀ máa ń rọ iṣan títí èèyàn ò fi ní lè mí mọ́. Òun náà ni kì í jẹ́ kí ẹran náà di aláwọ̀ eérú tó bá jinná.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an ni kí ẹnì kan ṣì í mú bí iyọ̀ ìsebẹ̀, torí wọ́n jọra lójú. Bó bá pọ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè gbé ọ́síjìn dáadáa, ètè àti èékánná á máa ṣú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń pò ó mọ́ iyọ̀ gidi, tí wọ́n á tún fi àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ sí i.

Ẹ má kàn dín irú ẹran bẹ́ẹ̀ jóná o: iná tó le jù lè mú kí èròjà kan tó ń jẹ́ nitrosamine jáde nínú rẹ̀, ìyẹn sì lè fa jẹjẹrẹ.