Ṣé a kàn lè túmọ̀ fọ́ọ̀mù SF-36 sí Yorùbá ká máa lò ó l'Ékìtì?

Rárá o. SF-36 yẹn, ìbéèrè 36 tí wọ́n fi ń wo bí àìsàn ṣe ń da ayé èèyàn rú, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ọ̀kan nínú ẹ̀ ń béèrè bóyá ìlera ẹ jẹ́ kó o lè sún tábìlì tàbí gbá gọ́ọ̀fù, jọ̀ọ́ màmá wo ló ń gbá gọ́ọ̀fù n'Íkọ̀lé? Iyán gígún ni kẹ́ ẹ bi wọ́n, tí màmá Èkìtì bá ti ní òun ò lè gbé ọmọ odó mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé'bi tó le nìyẹn. Òmíì tún wà tí wọ́n fi àwọ̀ búlúù sọ ìbànújẹ́, ẹ túmọ̀ ìyẹn ní tààrà, wọ́n á ní ṣé ẹ fẹ́ rẹ àwọn l'áró ni 😂

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé èèyàn méjì á túmọ̀ ẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á pa á pọ̀, ẹlòmíì tí ò rí ojúlówó ẹ̀ á dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n tó wá dán an wò lára àwọn aláìsàn. Kẹ́ ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni fọ́ọ̀mù kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ nǹkan kan.