Báwo ni gbogbo àdúgbò ṣe lè jọ pinnu bí wọ́n ṣe máa ná owó àdúgbò lọ́dún láìsí ìjà?

Ìbéèrè: Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ni mí ní àdúgbò kan n'Ìbàdàn. Ilé 60 la jẹ́, ₦5,000 sì ni ilé kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù. Gbàrà tí ìgbìmọ̀ bá ti gbé ètò ìnáwó jáde ni ariwo ń sọ, àwọn kan á sì dáwó dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ kí gbogbo wa jọ pinnu. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ má tíì pe ìpàdé o, inú ìwé akápò ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Owó tó wọlé lọ́dún tó kọjá ni kí ẹ wò, ẹ gbàgbé èyí tó yẹ kó wọlé. Lórí ìwé, ₦300,000 ni tiyín lóṣù. Ká ní ilé 42 ló ń san déédéé, ₦210,000 ni owó yín, òun náà sì ni kí ẹ fi ṣètò. Ẹgbẹ́ tó bá fi owó orí ìwé pín iṣẹ́, àárín ọ̀nà ni iṣẹ́ ti máa dúró.

Ẹ yọ ohun tí kò ṣeé yẹ̀ kúrò: owó oṣù ọdẹ méjì, ₦70,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti ₦15,000 fún bátìrì tọ́ọ̀ṣì àti àtúnṣe géètì. Ó ku ₦55,000 lóṣù, ìyẹn ₦660,000 lọ́dún. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá pamọ́ fún pàjáwìrì. ₦594,000 tó ṣẹ́ kù ni àdúgbò máa jọ pín. Ẹ kọ iye yìí gàdàgbà sára géètì, kí ẹ sì fi í sórí WhatsApp.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún àwọn ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ méjì láti mú àbá wá, ayálégbé àti oníṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú. Bí ayálégbé bá ń dá nínú owó ọdẹ, tí ẹ kò sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ẹ má retí pé á máa fi tọkàntọkàn san án.

Kí ẹnikẹ́ni tó dìbò, ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ iye tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa jẹ. Ẹ yan ènìyàn mẹ́ta tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ fún èyí. Kí wọ́n gba ìwé iye owó lọ́wọ́ bíríkìlà mẹ́ta, kí símẹ́ńtì, yanrìn, òkúta, irin, owó ọkọ̀ àti owó iṣẹ́ sì dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbàgbé irin ló máa dà bíi pé ó dín owó jù. Ẹ fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, torí ọjà kì í dúró dè yín. Bó bá jẹ́ iná sọ́là, ẹ kọ ẹni tó máa pààrọ̀ bátìrì sílẹ̀.

Bí ẹnì kan bá dá àbá tiransifọ́mà, ẹ fara balẹ̀. NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí iná mànàmáná, ti sọ ọ́ pé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ apínná ni láti pèsè rẹ̀. Bó bá di kàn-ń-pá, ẹ kọ́kọ́ bá wọn tọwọ́ bọ̀wé lórí bí owó yín ṣe máa padà, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Orí bébà ni kí ẹ ti dìbò, kí olúkúlùkù mú iṣẹ́ mẹ́ta. Bó bá jẹ́ nínawọ́ ni, ta ni á nawọ́ tako àbá alága lójú rẹ̀? Ẹ wá to àwọn iṣẹ́ náà láti orí èyí tó níbò jù. Ká ní gọ́tà (₦380,000) ní ìbò 71, iná sọ́là (₦260,000) ní 64, afárá kékeré (₦190,000) ní 40. Gọ́tà wọlé, ó ku ₦214,000. Owó yẹn kò tó iná sọ́là, nítorí náà ẹ fò ó, afárá ló kàn. Inú á bí àwọn oníná, ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí òfin yìí *kí ìbò tó wáyé*.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú irú ètò yìí ni òpópónà kékeré tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ilé márùn-ún péré, ìgbà wo ni ìbò wọn máa ká ti òpópónà ńlá? Ìlú Porto Alegre ní Bràsíl, tó bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí ní 1989, wá nǹkan ṣe sí i. Nígbà náà, wọ́n máa ń wo iye ènìyàn tó wà ní àgbègbè kan àti ohun tí àgbègbè náà fi ṣáájú, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń fún ibi tí ohun amáyédẹrùn ti ṣọ̀wọ́n jù ní máàkì tó ga. Ẹ̀yin náà lè fi ìbò 15 kún ti òpópónà tí kò ní gọ́tà rí rárá. Ní tèmi, ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí, torí àwọn tó ń fìdí rẹmi lọ́dọọdún kò ní pẹ́ dáwó dúró.

Bí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́ta tí ẹ yàn láti gba ìwé iye owó ni kí ó ra ohun èlò, kí risíìtì sì wà. Owó iṣẹ́ bíríkìlà: ìdá 40 níbẹ̀rẹ̀, 40 ní àárín, 20 tó kù lẹ́yìn tí omi òjò bá ti gba inú gọ́tà kọjá láìdúró. Bí owó bá wọlé ju bí ẹ ṣe rò lọ, iṣẹ́ tó kàn lórí àtẹ ìbò ló ni ín. Ẹ kò nílò ìpàdé mìíràn.